Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ Jáde Lọ Gba Súìtì Lálẹ́ Halloween

Ẹni tó bá ní ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà mọ̀ pé bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù nínú ilé: "Mọ́mì, kí ni mo máa wọ̀ fún Halloween?" Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọmọ á wọ aṣọ oríṣiríṣi, wọ́n á gbé báàgì tàbí garawa kékeré dání, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á tẹ aago ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pariwo "Trick or treat!", onílé á sì bu súìtì sínú báàgì wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ẹlòmíràn ní ọdún àjẹ́ ni, ẹlòmíràn ní eré ọmọdé lásán ni. Ìyá àgbà tó bá sì rí fọ́tò ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp nínú aṣọ tí wọ́n ya eegun òkú sí, láti Ìbàdàn ni yóò ti pè lójú ẹsẹ̀, tí yóò máa béèrè ìgbà tí wọ́n mú ọmọ náà wọ agbo egúngún. Mi ò wá dájọ́. Ẹni tó bá ní ilé òun kò ní ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbà kí ọmọ jáde ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rù wa ni ká kọ́kọ́ tún tò. Bí ẹ bá bi àwọn òbí wa léèrè ohun tó ń já wọn láyà lálẹ́ ọjọ́ yìí, májèlé tàbí abẹ́rẹ́ nínú súìtì ni ọ̀pọ̀ á dárúkọ. Mọ́tò ló yẹ kó já wọn láyà. Ìwádìí kan jáde nínú JAMA Pediatrics, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn ọmọdé, ní 2018 tó wo àkọsílẹ̀ ọdún 42 l'Amẹ́ríkà, láti 1975 sí 2016. Ohun tí wọ́n rí ni pé ewu kí mọ́tò pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lálẹ́ Halloween fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti alẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló sì le jù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré bọ̀ nílé, tí ojú ọjọ́ ti ń di bàìbàì, tí àwọn ọmọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú síta. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yìí, aago mẹ́fà yẹn ni kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ṣáájú ọjọ́ náà: wákàtí, ọ̀nà, àti ẹni tó máa bá wọn lọ

Ìlú púpọ̀ ló máa ń kéde wákàtí tí àwọn ọmọ lè fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó lórí wẹ́bsáìtì ìlú yín tàbí lójú ìwé Facebook àwọn ọlọ́pàá àdúgbò, pàápàá tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, torí kì í ṣe ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ní Des Moines, Iowa, ọjọ́ 30 ni àwọn ọmọ fi ń jáde tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Beggars' Night ni wọ́n ń pè é. Ní Chesapeake, Virginia, òfin ìlú ní kí ẹni tó bá ti ju ọdún 14 lọ má ṣe jáde gba súìtì. Kí wọ́n tó tún òfin náà ṣe ní 2019, ọdún 12 ló wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà lára ìjìyà rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọdún 13 tó ga bíi bàbá rẹ̀, ẹ má fojú kékeré wo irú òfin bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbà tí oòrùn máa wọ̀ níbi tí ẹ ń gbé. Ní Chicago, kí aago mẹ́fà tó lù ni. Ní Baltimore, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà. Ní Houston, ó máa ń lé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Láti 2007, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni Amẹ́ríkà ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì fi ń wà lásìkò Halloween. Àwọn èèyàn wa ní London kò rí tiwọn bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń yí aago níbẹ̀, oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ kékeré, ẹ mú un jáde nígbà tó bá ku bíi wákàtí kan kí oòrùn wọ̀, kó ti máa padà sílé nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

Ẹ rin ọ̀nà náà pẹ̀lú ọmọ lójú ọ̀sán, ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ wo ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti parí lójijì. Àdúgbò wà ní Houston tó jẹ́ pé kòtò omi ló wà létí títì, ẹlẹ́sẹ̀ kò ní ibì kan tó máa gbà ju ojú títì fúnra rẹ̀ lọ. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò dáa fún ìrìn alẹ́ ọmọdé, bí ilé ibẹ̀ ṣe wù kó pọ̀ tó. Ibi tó dáa ni ibi tí ilé ti sún mọ́ ara wọn, tí iná títì ń tàn, tí ẹ ti lè fi apá ọ̀tún lọ, kẹ́ ẹ wá sọdá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìkòríta, kẹ́ ẹ sì fi apá òsì bọ̀. Bí ẹ bá ń gbé ní àpátímẹ́ǹtì, tó jẹ́ pé àdúgbò mìíràn lẹ máa wa ọkọ̀ lọ, ẹ páàkì lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní gbogbo òpópónà, kí wọ́n tún máa sáré padà wọlé, iṣẹ́ ewu ni.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa bá wọn lọ ló máa ń há wa jù. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ alẹ́ wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Ẹni tó bá fẹ́ wọṣẹ́ ní aago méje á ti wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ìyẹn àsìkò tí àwọn ọmọ nílò àgbàlagbà jù. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti wo ìwé iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọjọ́ tàbí kẹ́ ẹ wá ẹni kan: bàbá wọn, àǹtí wọn, ìyá ọ̀rẹ́ wọn tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ má fa àwọn àbúrò lé àkọ́bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n wọn. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ bí mọ́tò tó ń bọ̀ ṣe jìnnà sí i tó nínú òkùnkùn, súìtì sì wà lójú òun náà. Safe Kids Worldwide, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò ọmọdé, ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 má ṣe jáde láìsí àgbàlagbà. Mo fara mọ́ ọn.

Aṣọ

Aṣọ àjẹ́, dúdú. Aṣọ àdán, dúdú. Aṣọ òkú, dúdú náà. Ọmọ adúláwọ̀ nínú aṣọ dúdú lójú títì dúdú, awakọ̀ kò ní rí i títí á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá ta kú pé dúdú lòun fẹ́, ẹ ra téèpù tó ń tan iná mọ́tò padà, ó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ní Walmart. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lókè kókósẹ̀, àti ara báàgì níwájú lẹ́yìn. Ìdí tí mo fi ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni pé ibẹ̀ ló ń mì bí ọmọ ṣe ń rìn. Iná tó ń lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ̀ pé èèyàn lòun ń wò. Téèpù kan ṣoṣo láàárín àyà lè dà bí ara páálí àmì ojú ọ̀nà.

Gígùn aṣọ kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ gbogbo rẹ̀ nínú ilé, kó gun àtẹ̀gùn, kó sọ̀ kalẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀, kó yí orí sọ́tùn-ún sósì. Ohun tó bá fa wàhálà nínú ilé á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ níta. Bàtà rẹ̀ gan-an ni kó wọ̀, kì í ṣe gogoro ìyá rẹ̀.

Àwọn òbí kan wà láàárín wa tí kò fẹ́ rí aṣọ òkú sára ọmọ wọn, tí wọ́n á wá wọ agbádá fún un kó ṣe ọba, tàbí kí wọ́n wé gèlè fún ọmọbìnrin pé olorì ni. Ó máa ń wù mí láti rí i, ó sì máa ń wu àwọn aláwọ̀ funfun. Àmọ́ agbádá ní ewu tirẹ̀. Apá rẹ̀ gbòòrò, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn elégédé tí wọ́n gbẹ́ ojú sí tí wọ́n tan àbẹ́là sínú wọn wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ní ìwọ̀n gíga ọmọdé. Ẹ ká apá agbádá náà sókè sí èjìká, kẹ́ ẹ fi pínnì tó ń dé lórí (safety pin) mú un kó má baà já wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì so fìlà mọ́ irun ọmọ pẹ̀lú ìdè irun, kó má rọ̀ bò ó lójú. Bí aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù lẹ bá rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Flame Resistant" sí, ìyẹn ni pé kì í tètè gbiná. Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe àròsọ: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, iná àbẹ́là mú aṣọ Halloween ọmọ Claudia Winkleman, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣàn, ọmọ náà sì fara pa. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé bí aṣọ bá gbiná, kó má sáré. Kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó fi ọwọ́ bo ojú, kó sì máa yí gbiri nílẹ̀.

Ìbòjú rọ́bà máa ń dí ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mọ́tò máa ń gbà yọ. Àtíkè tí wọ́n fi ń kun ojú sàn jù ú lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa á lápá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, pàápàá tí ara ọmọ bá máa ń yún un. Lẹ́ǹsì aláwọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sójú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rà á lọ́jà lásán. Òfin Amẹ́ríkà ní ìwé dókítà ojú gbọ́dọ̀ wà fún un. Níbi òtútù bíi Chicago tàbí Minnesota, ẹ ra aṣọ tó fi ìwọ̀n kan tóbi, kí kóòtù lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbọn ìṣeré kò gbọdọ̀ bá ọmọ wa jáde. Kò sí àlàyé kankan nínú èyí. Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ìbọn ìṣeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá ìṣeré kan ní Cleveland ní oṣù kọkànlá 2014 tí ọlọ́pàá fi yìnbọn fún un, ó sì kú. Bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà ọsàn kun ẹnu rẹ̀, ẹ fi sílé. Kí ọmọ ṣe ọlọ́pàá láìsí ìbọn, kí jagunjagun gbé idà fóòmù rírọ̀.

Ẹ fi ìlẹ̀kùn ilé yín dánra wò

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti máa ń forí gbárí pẹ̀lú àṣà àwọn ará ibí. A ti kọ́ ọmọ pé àgbà kì í pe ọmọdé kó má jẹ́, pé a kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn, pé ohun tí àgbà bá fúnni, ṣe là ń kúnlẹ̀ gbà á. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ jù nínú wọn ló máa tètè tẹ̀lé bàbá arúgbó tó bá ní "Come in, sweetheart" wọlé, torí kíkọ̀ á dà bí àrífín lójú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ ọ́ jáde: lálẹ́ ọjọ́ yìí, bí àgbà kan bá pè ọ́ wọlé, tí o kọ̀, ìwọ kọ́ lo yájú, èmi ni mo ní kí o kọ̀. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan wọ inú ilé kó ṣe onílé, kí ọmọ dúró síta, kí ẹ sì ṣe é báyìí:

1. Kó wo iná ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá tàn, kó kọjá sí ilé tó kàn.
2. Kó gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe sílẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, kó má gba orí koríko.
3. Kó tẹ aago lẹ́ẹ̀kan, kó sì sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, kó máa bọ̀.
4. Kó gba tirẹ̀, kó dúpẹ́, kó yí padà, kó rìn. Kó má sáré.
5. Bí wọ́n bá ní kó wọlé, tàbí kó wá wo ajá, tàbí kó wá yan súìtì nínú kíṣìnnì: "No, thank you," kó sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín tààrà.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá ní "Dàdí". Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí síbí kò lè sọ orúkọ òbí wọn kí ọlọ́pàá gbọ́ ọ yé, torí a kì í pe ara wa lórúkọ níwájú wọn. Bàbá Táyé, Ìyá Táyé, ó tán. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ yín lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà fóònù kan, kó kọ ọ́ lórin títí á fi mọ́ ọn lórí. Fún èyí tó kéré jù, ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà náà sí apá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Orúkọ ọmọ kò gbọdọ̀ wà lára báàgì níta, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà fi pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

Ẹ fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n tó jáde, oúnjẹ gidi. Ọmọ tó ti yó kò ní máa tú súìtì jẹ lójú ọ̀nà kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí fóònù yín kún fún iná, kí tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síwájú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án sí awakọ̀ lójú. Igi iná tí wọ́n ń ṣẹ́ kó tàn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ àwọn kékeré máa ń gé e jẹ. Omi inú rẹ̀ korò, ó sì máa ń ta ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í sábàá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wà lápá ibi tí mọ́tò ń gbà, kí ọmọ wà lápá ilé. Ìkòríta nìkan ni kẹ́ ẹ ti sọdá, níbi ìlà funfun tó bá wà. Ibi tó léwu gan-an fún ọmọ ni àárín mọ́tò méjì tí wọ́n páàkì, tó bá gba ibẹ̀ yọ sójú títì torí ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì. Ẹ tún kíyè sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà jáde nínú ọgbà ilé: ẹni tó ń fi ẹ̀yìn wakọ̀ bọ̀ kò rí ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ kọ́ ọmọ kó wo iná pupa àti funfun lẹ́yìn mọ́tò, bí wọ́n bá ń tàn, kó dúró. Mọ́tò oníbátìrì pọ̀ báyìí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Kí ọmọ má gbẹ́kẹ̀ lé etí rẹ̀. Kó tó sọdá, kí awakọ̀ dúró pátápátá, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó wò yín lójú. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù sápò. Fídíò tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé lè dúró dìgbà tí ẹ bá wà níwájú ilé tí iná wà.

Bí wọ́n bá ju mẹ́ta lọ, ẹ máa kà wọ́n ní gbogbo ìkòríta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ara wọn sókè, kí kálukú pe nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ọmọ bá sọ nù, kó dúró sójú kan, kó wá ìyá tó mú ọmọ tirẹ̀ dání, kó ní kó pe nọ́ńbà yín. Bí ẹ̀yin náà kò bá rí ọmọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pe 911, ẹ má tijú.

Ajá ńkọ́? Ọmọ wa bẹ̀rù ajá ju àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń jáde lọ. Bí ó bá gbó, eré ni wọ́n á fi sí, ibi tí eré náà sì máa ń gbé wọn lọ ni ojú títì. Ẹ fi kọ́ ọ: bí ajá bá gbó, dúró gbagidi, so ọwọ́ mọ́ra, má pariwo, má wò ó lójú. Bí ajá bá wà níta láìsí okùn, ẹ fo ilé náà.

Ọ̀rọ̀ ilé tí iná kò tàn yẹn, ẹ jẹ́ kí n padà sórí rẹ̀, torí ó ju ọ̀wọ̀ fún onílé lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1992, Yoshihiro Hattori, ọmọ ọdún 16 láti Japan tó wá kàwé ní Baton Rouge, Louisiana, múra fún àríyá Halloween, ó sì ṣèèṣì lọ sí ilé tí kì í ṣe ibẹ̀. Onílé yìnbọn pa á. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá onílé náà sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ mìíràn ní kó sanwó fún àwọn òbí ọmọ. Nítorí náà, ilé tí iná ń tàn, tí wọ́n ṣe ní ọ̀ṣọ́ elégédé tàbí eegun, ìyẹn nìkan ni ká kàn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dúró níbi tí onílé á ti rí yín láti ẹnu ilẹ̀kùn, lábẹ́ iná, kẹ́ ẹ juwọ́, kẹ́ ẹ kí wọn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ń lọ, kó má fi nǹkan bojú, kó má fa fìlà kóòtù wálẹ̀ bojú, kí wọ́n má pọ̀ ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, kí wọ́n sì wálé kí wákàtí ìlú tó pé. Kò dùn mọ́ mi láti máa kọ irú èyí fún ọmọ tó fẹ́ lọ gba ṣokoléètì. Ìlú tí à ń gbé nìyẹn.

Tí ẹ bá délé: ẹ tú báàgì sórí tábìlì

Joel Best, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Delaware, ti tọpa ìròyìn súìtì Halloween onímájèlé láti 1958 wá. Kò rí ẹ̀rí ọmọ kan tí súìtì tí àjèjì fún un lọ́nà bẹ́ẹ̀ pa tàbí ṣe léṣe gidi. Ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti 1974 ní Texas, bàbá ọmọ náà gan-an, Ronald Clark O'Bryan, ló fi sáyánáìdì sínú súìtì ọmọ rẹ̀ torí owó inṣọ́ránsì. Ìjọba pa á ní 1984. Ẹ yẹ báàgì wò o, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá.

Èyí tí pépà rẹ̀ ti ya tàbí tó ti ṣí, ẹ dà á nù. Kéèkì tàbí kúkì tí wọ́n ṣe nílé, àfi tí ẹ bá mọ ẹni tó ṣe é. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹ yọ súìtì líle, ẹ̀pà àti ṣingọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n lè há a lọ́fun.

Súìtì onígbó ló yẹ kó gba àkókò yín. Ní ìpínlẹ̀ tí òfin ti gbà kí wọ́n máa ta igbó, wọ́n ń ṣe é ní súìtì rírọ̀ àti ṣokoléètì, àwọn kan sì ń di í sínú pépà tó jọ ti súìtì tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ wá lẹ́tà "THC" lára rẹ̀, orúkọ èròjà inú igbó tó ń yí èèyàn lórí nìyẹn. Ní 2017, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé l'Amẹ́ríkà nítorí wọn pé ó jẹ oúnjẹ onígbó jẹ́ 207. Ní 2021, wọ́n ti di 3,054. Inú ilé ni ó sì ti sábàá ṣẹlẹ̀, ohun tí àgbà inú ilé gbàgbé sílẹ̀. Torí náà, bí ẹnì kan bá ń lò ó nínú ilé yín, tàbí ẹni tó ń bá yín gbé, ẹ mọ ibi tó ń kó tirẹ̀ sí.

Bí ọmọ bá jẹ ohun tí kò yé yín, tó ń tòògbé lódì tàbí tó ń ta gọ́gọ́, ẹ pe 1-800-222-1222, ilé iṣẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé ni, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. Bí kò bá mí dáadáa tàbí tí kò jí, 911 ni. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Mo mọ̀ pé epo pupa ni ìyá wa kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tòògbé lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á sì di wàhálà kejì.

Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, ẹyin tàbí mílíìkì, ẹ ka pépà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Súìtì kékeré tí wọ́n ń pín ní Halloween lè ní èròjà tó yàtọ̀ sí èyí ńlá tí ẹ ti mọ̀, orúkọ kan náà tilẹ̀ lè wà lára wọn. Bí kò bá sí àkọlé, ẹ má fún un. Kí EpiPen, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ là, wà lápò yín láti ìgbà tí ẹ ti jáde, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ nílé. Bí ètè bá wú, tí mímí le, tí nǹkan sú sí i lára káàkiri, tó sì ń bì, abẹ́rẹ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gún, kẹ́ ẹ tó pe 911. Ẹ má dúró wo bóyá oògùn ara yíyún á ṣe é. Bí ẹ bá rí elégédé tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé kùn lẹ́nu ọ̀nà kan, irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn tí kì í ṣe oúnjẹ: bọ́ọ̀lù kékeré, pẹ́ńsùlù, rọ́bà ọwọ́. Ilẹ̀ Tennessee ni àwọn òbí ti dá àṣà náà sílẹ̀, FARE, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ara wọn kò gba oúnjẹ kan, sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà láti 2014.

Ẹ̀yin tí kò ní jáde

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn yín, ẹ pa iná ìta, ó tó. Kò sí ẹni tó máa bínú. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́jọ, ẹ rọra wakọ̀ nínú àdúgbò ju ìwọ̀n eré tí wọ́n kọ sára páálí ojú ọ̀nà lọ, kẹ́ ẹ má ya ọkọ̀ tó dúró sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ ló ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ìjọ tó bá ń ṣe Hallelujah Night dípò Halloween, tàbí tí wọ́n ń ṣí bùùtù mọ́tò tí wọ́n ń pín súìtì láti ibẹ̀ nínú ọgbà ìjọ, ẹ má rò pé torí ilẹ̀ mímọ́ ni, ewu mọ́tò ti tán. Àwa la mọ ara wa: ètò aago mẹ́fà, aago méje ààbọ̀ ni àwọn kan máa fi wọ ọgbà, wọ́n á sì máa wá ibi tí wọ́n á páàkì láàárín àwọn ọmọ tó ń sáré kiri. Kí àwọn ọ́ṣà (usher) ìjọ fi kóònù dí ibi tí àwọn ọmọ wà, kí mọ́tò kankan má wọ ibẹ̀ lẹ́yìn tí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ti pásítọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, kó páàkì síta, kó fẹsẹ̀ rìn wọlé.